"Pa Ara" àti "Pa Ara Lára": Ìtàn Ìyàtọ̀ Kan Tí A Kò Dúró Gbọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tó kọjá, ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí kì í wọ aṣọ apá péńpé. Oòrùn ìbáà mú bí iná, aṣọ alápá gígùn ni yóò wọ̀ lọ sí kíláàsì. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan tó ń fọṣọ, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá rí ojú ọgbẹ́ lápá rẹ̀, àwọn kan ti jinná, àwọn kan kò tíì jinná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ti gbọ́. Ẹni kan ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wọ̀. Ẹni kan ní kí wọ́n tètè lọ fẹjọ́ sùn kí ó tó kó bá gbogbo yàrá. Àwọn mìíràn yí i ká, wọ́n ń fi ohùn rara gbàdúrà lé e lórí. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó bi í pé, "Kí ló ń dùn ọ́?" Lọ́jọ́ kẹta, ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. A mọ òwe yìí dáadáa. A ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìdánwò rí, a sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ìgbà tó yẹ kí a lò ó ni a kò rántí rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ Mopa ní ilẹ̀ Ìyàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, sọ ohun kan tí a kò lè gbàgbé. Ó ní, "Ká ní ìyá àgbà mi ló rí apá yẹn, ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni 'Ọ̀kun o.'" Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú wa wá ìdí ìtàn náà lọ. Báwo ni àwọn ará ilé wa, òfin ilẹ̀ wa àti àwọn dókítà wa ṣe ń gba ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe? Ta ló gbà á dáadáa, ta ló sì gbà á bí a ṣe gba ọmọbìnrin yẹn?

Ọ̀rọ̀ kan ló là wọ́n

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ tiwa wà, ìyẹn èdè. Bí Yorùbá bá ní "ó pa ara rẹ̀", ikú ló ń sọ. Bí ó bá ní "ó pa ara rẹ̀ lára", ọgbẹ́ ló ń sọ. Ẹni náà ṣì wà láàyè, a ṣì lè bá a sọ̀rọ̀. "Lára" nìkan ló wà láàárín méjèèjì. Lóòótọ́, ẹni tó ṣèèṣì fi àdá ge ẹsẹ̀ lóko náà pa ara rẹ̀ lára. Ẹni tí àwa ń sọ níbí ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tó sì máa ń fi pamọ́.

Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú nǹkan báyìí? Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ rí ni pé ìgbà ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kò ní in lọ́kàn láti kú. Ìrora inú wọn ti ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ. Àwọn kan ń wá ìrora tí ojú lè rí, kí èyí tí ojú kò rí lè dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Àwọn kan ní inú àwọn ti kú tipiri, wọ́n fẹ́ mọ nǹkan kan lára. Àwọn kan ń fìyà jẹ ara wọn fún ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò ṣẹ̀, pàápàá àwọn tí ẹlòmíràn ti fi ipá bá lò tàbí tí wọ́n ń nà nílé. Ìtura tó ń tibẹ̀ wá kì í pẹ́. Ìtìjú á tẹ̀ lé e, ìtìjú náà á sì tún dá kún ìrora àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe wá rò pé nítorí "lára" wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́. Ẹni tó ń pa ara rẹ̀ lára wà nínú ewu ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pé ó lè gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn láyé lọ́dọọdún lé ní 720,000, àti pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29, òun ló wà ní ipò kẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n. Àṣìṣe méjì ni a lè ṣe, nígbà náà. Èkíní ni kí a rí ọgbẹ́ kí a máa pariwo òkú. Èkejì ni kí a rí ọgbẹ́ kí a ní eré ni, tàbí pé ó kàn fẹ́ kí a máa wo òun ni. Ìtàn ilẹ̀ wa kún fún méjèèjì.

Ikú yá ju ẹ̀sín

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹni tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ti wà láàárín iyì àti ìtìjú tipẹ́. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ kò gbọdọ̀ wà láàyè mọ́. Ojúṣe ni ikú rẹ̀ jẹ́. Ní ìdà kejì, àwọn olùfẹ́ Ṣàngó kò gbà rárá kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọba wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kú, orúkọ tí wọ́n sì fi ń kì í dòní jẹ́ àtakò sí ìròyìn yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọn kì í sin irú òkú bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń sin òkú yòókù, àwọn ẹbí kì í sì í fẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀ mọ́.

A kò dá àwọn baba wa lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé orúkọ ilé ni gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń dáàbò bò. Kò sí èyí tó kan ẹni tí inú ń run nígbà tó ṣì wà láàyè. "Ikú yá ju ẹ̀sín" ń dún létí ọmọ tí ojú ń tì, kò sì sí òwe mìíràn tí a tètè fi dá a lóhùn.

Mopa láàárín òfin méjì

Nígbà tí òyìnbó dé, ìtìjú di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n fún. Ibí yìí ni ìtàn Mopa ti yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta.

Ní ọdún 1900, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ yìí, ilẹ̀ Ìyàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ bọ́ sí apá Àríwá, tí wọ́n wá ń pè ní agbègbè Kábà. Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n Kàdúná ni àṣẹ ti ń wá. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Willink ń gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní ọdún 1957 sí 1958, ọ̀rọ̀ bóyá kí Yorùbá Ìlọrin àti Kábà padà sí Ìwọ̀ Oòrùn wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Wọn kò dá wọn padà. Ní 1967 wọ́n di ara ìpínlẹ̀ tó wá ń jẹ́ Kwara, ní 1991 wọ́n di ara Kogí.

Nítorí ààlà yẹn, òfin ọ̀daràn méjì ló wà fún ọmọ Yorùbá. Ní Gúúsù, Criminal Code ni, èyí tí wọ́n fi èyí tó wà ní Queensland ní Australia ṣe àwòkọ. Ní Àríwá, wọ́n ti ń lò ó láti 1904; ní 1916 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo Nàìjíríà. Abala 327 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, ọjọ́ kan ṣáájú òmìnira, Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin tirẹ̀, Penal Code, tí wọ́n mú láti ọ̀dọ̀ Sudan, tí Sudan sì mú láti ọ̀dọ̀ India. Abala 231 rẹ̀ tún sọ ohun kan náà: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1961, kí ọdún kan tó pé lórí òfin tuntun náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ fagi lé e nílé tirẹ̀ pé gbígba ẹ̀mí ara ẹni jẹ́ ọ̀daràn. Ẹni tó kó ẹrù náà dé ti sọ tirẹ̀ nù, ọmọ Mopa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e rù ni.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kú ni òfin yẹn ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó pa ara rẹ̀ lára." Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó ṣàlàyé "lára" fún ọlọ́pàá? Bí òbí bá gbé ọmọ tó ní ọgbẹ́ lápá dé ilé ìwòsàn, ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọ́n lè sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Nítorí náà yóò ní ọmọ òun ṣubú ni. Dókítà yóò di ọgbẹ́, kò sì ní mọ ohun tó fà á. Bí òfin tó ní òun ń dá ẹ̀mí sí ṣe ń ti ọmọ padà sínú ìkọ̀kọ̀ nìyẹn.

Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n dé abúlé

Ìtọ́jú náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá. Ní 1916, òfin Lunacy jáde, èyí tó fún ìjọba láṣẹ láti ti irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́lé. Ìtọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní oṣù kẹrin ọdún 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Lantoro ní Abẹ́òkúta di ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú sí.

Ní 1954 ni nǹkan yí padà. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, padà wálé láti ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Àró. Ilé náà kò tíì parí. Lambo kò dúró kí ó parí. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ìlànà kan ló fi lélẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó bá a gbé, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìtọ́jú, aláìsàn yóò padà sí abúlé, yóò bá wọn lọ sóko, yóò bá wọn ṣeré ayò. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá wò ó. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe àpérò àkọ́kọ́ fún àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní gbogbo Áfíríkà. Lambo padà di igbá-kejì olórí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó kú ní 2004.

Àró náà ni àwọn tó kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ wa yìí gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ ti ṣiṣẹ́. Dókítà Tolani Asuni tẹ ìwádìí jáde ní 1962 lórí àwọn tó gba ẹ̀mí ara wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa: ọmọ tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ẹbí dáwó jọ rán nílé ìwé, tí orí ń ta, tí ojú kò ríran ka ìwé mọ́, tó ní ọpọlọ òun ti rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti mọ̀ pé ìwé tí a ń kà lè di ẹrù tó wúwo ju ọrùn lọ.

Ohun tí Lambo rí ní Abẹ́òkúta, àwọn ẹlòmíràn rí i níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà ní 1961, wọ́n gbé Marsha Linehan, ọmọ ọdún 17, lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Hartford nítorí pé ó ń pa ara rẹ̀ lára. Wọ́n ń tì í mọ́ yàrá òun nìkan, kò sì sàn. Nígbà tó yá, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì dá ìlànà ìtọ́jú kan sílẹ̀, Dialectical Behavior Therapy, tó ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe fara da ìrora inú láìṣe ara rẹ̀ léṣe. Ní 2011 ló tó dìde sọ fún aráyé pé òun alára ti wà níbẹ̀ rí. Ní Zimbabwe, láti 2006, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ ìyá àgbà mẹ́rìnlá ní Harare bí wọn yóò ṣe máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n máa gbọ́ ti ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀. Ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé aláìsàn rẹ̀ kan kú nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn.

Owó ọkọ̀ yẹn yé àwọn ará Mopa dáadáa. Láti Mopa dé Àró jìnnà gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní Mopa.

Ọ̀kun o

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ilẹ̀ náà, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Ìkíni ni "Ọ̀kun". Láti ara ìkíni yìí ni orúkọ tí a fi ń pe gbogbo ẹ̀yà Yorùbá Kogí ti jáde. Bí ẹnìkan bá ń ṣiṣẹ́, "Ọ̀kun" ni, ó túmọ̀ sí pé ó kú iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, "Ọ̀kun" náà ni, ó túmọ̀ sí pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ń bá ènìyàn dárò, ó sì ń yìn ín pé ó gbìyànjú. Ọmọ tó fi ọgbẹ́ rẹ̀ hàn ọ́ nílò méjèèjì: pẹ̀lẹ́ fún ìrora rẹ̀, àti o kú iṣẹ́ fún ìgboyà tó fi là á fún ọ.

Lẹ́yìn "Ọ̀kun" ńkọ́? Ohun tí a kọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ iṣẹ́ náà nìyí.

Fọkàn balẹ̀. Má ṣe pariwo, má ṣe ní kó tú aṣọ kí o lè rí i dáadáa. Bí ọgbẹ́ náà bá nílò ìtọ́jú, mú un lọ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Béèrè ohun tó ń dùn ún, kí o sì dákẹ́ gbọ́. Má ṣe fi ìbúra dè é pé kò ní ṣe é mọ́. Bó bá tún ṣe é, kò ní lè padà sọ́dọ̀ rẹ. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ bi í bóyá ó fẹ́, kí àdúrà má sì gba ipò dókítà.

Bi í láìfọ̀rọ̀ pamọ́ bóyá ó ń ro ikú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ìbéèrè náà kì í kó èrò ikú sí ènìyàn lórí. Ìtura ló máa ń jẹ́ fún ẹni tó ti ń dá a rò. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó ohun tó léwu kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Má ṣe ṣèlérí pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé. Sọ fún un pé ẹ jọ máa wá àgbàlagbà kan tó ṣeé fọkàn tán: òbí, olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ràn ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí kí a máa rò ó kiri họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Àwọn kan ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. SURPIN wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó. Àwọn ọ̀dọ́ ló dá MANI sílẹ̀ ní 2016. Òfin náà ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Láti 2011, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kí ilé ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin Lunacy àtijọ́. Ní ọdún kan náà, Ghana yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwé ọ̀daràn wọn. Ó kù kí abala 327 àti abala 231 tẹ̀ lé e.

Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Àwa mẹ́ta lọ bá a. A kò mọ ohun tí a máa sọ, a sì ti ń tijú kí a tó débẹ̀. Ọmọ Mopa ló kọ́kọ́ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọ̀kun o." Ọmọbìnrin náà béèrè pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ṣàlàyé fún un. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó wá ní, "Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn."

Òótọ́ ni. À bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.